Ààyè Kan Nínú Bàálù Dewey

Bí yìnyín bá ti yọ́ kúrò lẹ́sẹ̀ òkè tó yí ìlú Palmer ká, ẹ má bá Halvor Sundeen sọ ọ̀rọ̀ ọ̀dùnkún tó yẹ kó gbìn. Kò ní gbọ́. Àgbò ìgbẹ́ funfun tó ń gbé orí àpáta ló ń rò, ara rẹ̀ á máa yá gágá, á máa dá rẹ́rìn-ín nídìí kọfí. Tábìlì ìjẹun ilé wọn ò tún ní rí abọ́ mọ́ títí di ìparí ẹ̀ẹ̀rùn: àgọ́, okùn, ìbọn tí wọ́n tú palẹ̀, àti máàpù tó ti gbó kọjá bó ṣe yẹ ni yóò kún orí ẹ̀. Lorna ìyàwó rẹ̀ ti gba kámú tipẹ́. Orí àga ni wọ́n ti ń gbé abọ́ lé itan jẹun.

Tọdún yìí wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Maren, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Fairbanks, ló pè pé òun fẹ́ bá bàbá òun lọ. Kò bá a lọ rí láyé ẹ̀. Inú Halvor dùn débi pé ó ju fóònù sílẹ̀ láì dáhùn, ó sáré lọ sẹ́yìnkùlé lọ wá báàgì tó máa bá ọmọ náà mu. Lorna ló padà gbé fóònù, tó ní bẹ́ẹ̀ ni, bàbá ẹ ti gbà.

Bàálù Dewey, awakọ̀ òfurufú tó máa ń gbé àwọn ọdẹ, kò tóbi: òun níwájú, èrò kan lẹ́yìn, ó tán. Ẹ̀ẹ̀mejì ló máa fò kó tó lè kó bàbá àtọmọ lọ sétí odò tó máa ń balẹ̀ sí. Dewey ti gbà láti gbé wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ, ó sì ti kìlọ̀ pé bí ẹnì kan bá yẹ̀, òun ò ní gbé ẹnì kejì. Òun ò ní já èèyàn kan ṣoṣo sílẹ̀ sáàárín béárì kóun wá lọ sùn.

Láti etí odò yẹn, ẹsẹ̀ ni wọ́n á fi rìn dé àfonífojì tí Halvor ti ń pa àgbò láti ìgbà tí irun orí ẹ̀ ṣì dúdú. Ẹnikẹ́ni ò mọ ibẹ̀, Dewey gan-an ò mọ̀ ọ́n. Àṣà àwọn ọdẹ àgbò nìyẹn. Ẹni tó bá ti fọwọ́ tọ́ka àfonífojì tiẹ̀ han ẹlòmíì, ó ti parí ọdẹ, ó ti gbé bàtà kọ́ nìyẹn. Lorna ti bi í títí ó fi sú u. Halvor á ní ẹ̀yìn òkè ni. Òkè wo? Èyí tó wà níwájú èkejì.

Ohun kan wà tí ọkùnrin yìí fi pa mọ́. Eékún ọ̀tún rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn tí ò rí òróró. Dókítà ti sọ fún un nígbà òtútù pé kò gbọdọ̀ gbé ẹrù wúwo sọ̀kalẹ̀ òkè mọ́ láyé. Nígbà tó délé, ó ní dókítà ní kóun kí Lorna. Ó mọ̀ pé tí àṣírí yìí bá tú pẹ́nrẹ́n, òun ò lọ mọ́, Maren náà ò sì lọ.

Maren dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Òṣùwọ̀n Dewey ò mọ àgbà, torí náà gbogbo nǹkan ni wọ́n ń gé kúrú. Maren gé ọwọ́ búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín. Halvor ń já okùn ara báàgì tíì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kọrin.

"Ẹ bá mi gé ikùn Bàbá Maren náà," Lorna ní. "Ìyẹn nìkan tó àgọ́ méjì."

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n lọ fi òkè tó wà lẹ́yìn ìlú dánra wò. Lorna bá wọn lọ, torí àràárọ̀ lòun àti ajá máa ń gun òkè náà. Ike omi ni wọ́n ń kó sínú báàgì kó lè wúwo bí wọ́n bá fẹ́ dánra wò. Tí wọ́n bá dókè tán, wọ́n á dà á nù, kí eékún lè sinmi nígbà tí wọ́n bá ń bọ̀. Ìyá da tiẹ̀, ọmọ da tiẹ̀. Halvor ò dà á. Ó ní ìsàlẹ̀ la máa ń gbé àgbò sọ̀kalẹ̀ sí, a kì í gbé e lọ sókè. Ó fẹ́ kí ọmọ rí i pé arúgbó ò tíì tán. Àgídí lásán. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀, wọn ò tíì dé àárín ọ̀nà tí eékún rẹ̀ fi yẹ̀, ló bá jókòó sílẹ̀, ó ń ṣe bí ẹni tó ń wo odò.

Maren kúnlẹ̀, ó fọwọ́ tẹ eékún náà. Ó bi í pé ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀.

"Nísinsìnyí."

"Bàbá."

"Ìgbà òtútù."

Lorna gbé báàgì ọkọ rẹ̀ kọ́ àyà, tiẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ẹ̀. Maren ní kó da omi inú ẹ̀ nù, àmọ́ bó ṣe wúwo náà ló gbé e tẹ̀lé ajá sọ̀kalẹ̀ lọ.

Nílé, wọ́n fi yìnyín dídì sórí eékún. Maren mú fóònù kó pe Dewey pé wọn ò lọ mọ́, ó ní kò burú, ọdún míì ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dun Halvor dọ́kàn. Ọdún míì yẹn ò lè jẹ́ tòun, ó mọ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò fẹ́ kí tọdún yìí bọ́ mọ́ Maren náà lọ́wọ́. Ó na ọwọ́, ó fa máàpù súnmọ́ra.

"Gbé fóònù yẹn sílẹ̀," ó ní. Ó fìka lé ojú kan. "Ibí ni."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó: odò tí wọ́n máa sọdá, èyí tó fẹ̀ tí wọn ò gbọdọ̀ tẹ̀ lé, àpáta pupa tí wọ́n máa jókòó sí láàárọ̀ kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí wọn lójú, ibi tí àwọn àgbò tí ìwo wọn ti ká yípo máa ń dùbúlẹ̀ sí bí olówó. Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń dùn ún, ló sì tún ń dùn mọ́ ọn. Ohùn rẹ̀ ń lọ sókè, Maren ń bi í ní ìbéèrè lórí ìbéèrè, orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn lórí máàpù, ó sì gbàgbé eékún pátápátá.

Maren ló kọ́kọ́ rántí. Ta ló máa wá bá òun lọ? Dewey ò ní gbé ẹnì kan ṣoṣo.

"Èmi ni," Lorna ní.

Halvor yí orí. "Ìwọ kẹ̀?"

"Ta ló gbé omi ẹ sọ̀kalẹ̀ lónìí?"

Maren fò dìde, ó ti ń fa bàtà ìyá rẹ̀ jáde láti wọ̀n ọ́n, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ kékeré. Halvor náà rẹ́rìn-ín. Ó wá wo inú ilé náà yí ká.

"Èmi wá ńkọ́, Ìyá Maren? Kí ni mo fẹ́ máa ṣe nílé?"

"Ohun témi náà máa ń ṣe bó o bá lọ ni. Wàá máa jí, wàá máa jẹun. Bó o bá ti gbọ́ ìró bàálù, wàá sáré jáde, wàá wò ó bóyá ti Dewey ni."

Halvor fẹ́ rẹ́rìn-ín sí i, ó wá rí i pé Lorna ò ṣàwàdà.

"Gbogbo bàálù?"

"Gbogbo ẹ̀," Lorna ní, ó sì fa máàpù náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀.