Ìbéèrè Kẹfà Lórí Fọ́ọ̀mù Alhájà

3.

… ìbọ̀wọ́ tuntun, kì í ṣe èyí tí o fi nu ojú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mádáàmù Moyinọlá ló ń sọ̀rọ̀, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń rìn láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Abẹ́rẹ́ tó bá ti kan ojú ẹnì kan, iṣẹ́ rẹ̀ parí. A kì í fọ̀ ọ́. A kì í sè é. A kì í fi í pa mọ́ de ọ̀rẹ́. Inú ike pupa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ló ń lọ.

Bilqees ń kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ń gbọ́ ọ. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Kaduna, ó sì fẹ́ di ẹni tó ń fi abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ tún ojú ènìyàn ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọyẹ́ ló fà á.

Kì í ṣe ọyẹ́. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ òótọ́: ẹ̀rù ń bà á.


4.

ÌKÌLỌ̀ TÓ WÀ LÁRA ÒGIRI
Ilé Ẹ̀kọ́ Ìtọ́jú Ara, Ungwan Rimi, Kaduna. Oṣù Kìíní, 2023.

Abẹ́rẹ́ méjìlá ló wà lẹ́nu pẹ́ẹ̀nì tí a fi ń gún ojú yìí. Nígbàkígbà tó bá bà lé ara, ihò méjìlá lo lù.

Má fi ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ gbé fóònù.

Má gún ojú tí irorẹ́ rẹ̀ ń ṣọyún.

Má gún ẹni tí àpá rẹ̀ máa ń wú.

Má gún ẹni tó ń bóra. Awọ rẹ̀ ti fẹ́lẹ́. Jẹ́ kó fi kíríìmù ìbóra náà sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta ná.

BÉÈRÈ KÍ O TÓ GÚN.

(Nísàlẹ̀, bírò ni wọ́n fi kọ ọ́:) Wọ́n á parọ́ fún yín. Ẹ tún béèrè.


5.

Olúkúlùkù akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mú ẹnì kan wá tí yóò fi ojú rẹ̀ ṣe ìdánwò àṣekágbá. Zuwera, tí òun àti Bilqees jọ ń sùn ní yàrá ilé ẹ̀kọ́ náà, mú àbúrò rẹ̀ wá. Bilqees mú Alhájà Àmúdàtù wá láti Kudenda.

Ẹ̀gbọ́n ìyá Bilqees ni Alhájà. Ìyá tó bí i kú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Alhájà ló wẹ̀ ẹ́, tó dì í lórí, tó rán an níléèwé. Màmá ló ń pè é. Àmì dúdú méjì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ Alhájà tí kò fẹ́ máa rí nínú dígí mọ́, inú rẹ̀ sì dùn pé ọmọ òun ni yóò bá òun pa á rẹ́.

Alhájà náà ni olórí àwọn obìnrin àsàlátù ọmọ Ìlọrin. Láràárọ̀ ọjọ́ Àìkú, òun ló ń wàásù fún wọn. Ìwàásù tó mọ̀ ọ́n ṣe jù lọ nìyí: obìnrin tó bá ń bóra, Ọlọ́run ló ń bá jiyàn, ó ní Ó kù-díẹ̀-káàtó níbi tó ti dá òun. Àwọn obìnrin á ké Allāhu Akbar. Wọ́n á wo ojú Alhájà tó ń dán. Wọ́n á wo oríkèé ọwọ́ rẹ̀ tó dúdú bí ìdí ìkòkò. Wọ́n á sì tún ké Allāhu Akbar.

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ rí.


6.

FỌ́Ọ̀MÙ ÌBÉÈRÈ (kí abẹ́rẹ́ tó kan ara)

Orúkọ: Alhájà Àmúdàtù
Ọjọ́ orí: 53

1. Ṣé ẹ lóyún?  RÁRÁ
2. Ṣé ẹ ní àtọ̀gbẹ?  RÁRÁ
3. Ṣé ẹ ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì?  RÁRÁ
4. Ṣé àpá yín máa ń wú?  RÁRÁ
5. Ṣé ìpara kan wà tí ara yín kì í gbà?  RÁRÁ
6. Ṣé ẹ ń lo kíríìmù tó ń bó ara, àbí ẹ lò ó láàárín oṣù mẹ́ta?  RÁRÁ

Ẹni tó béèrè: Bilqees
Ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò: Moyinọlá


7.

Bilqees béèrè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Alhájà dáhùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.


7, àtúnṣe.

Irọ́ ni mo pa. Márùn-ún ló béèrè.

Èyí tó jẹ mọ́ oyún pa Alhájà lẹ́rìn-ín. Ó dáhùn ìkejì, ìkẹta, ìkẹrin, ìkarùn-ún. Bilqees wá dé ìkẹfà. Alhájà ti ṣí gèlè, ó jókòó sórí àga gíga náà, ó ń wò ó pẹ̀lú ìfẹ́. Báwo ni ọmọ ṣe máa bi ìyá rẹ̀ pé ṣé ohun tẹ́ ẹ̀ ń bú lórí ìjókòó wáàsí lẹ̀ ń ṣe? Tó bá ní rárá, irọ́ lòun mú kí ìyá òun pa. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, báwo lòun ṣe máa tún wo ojú rẹ̀?

Ó kọ RÁRÁ fúnra rẹ̀. Ó ní ó ti tán, Màmá, ẹ fọwọ́ sí i níbí.

Alhájà kò mú gíláàsì ìkàwé rẹ̀ wá. Ó fọwọ́ sí i.

Mádáàmù ìbá rí oríkèé ọwọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ìgbéyàwó kan wà ní Kudenda lọ́sẹ̀ náà, Alhájà sì ti fi làálì dúdú kun ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì títí dé ọrùn ọwọ́.


8.

Ojú tí ara rẹ̀ le, ṣe ló máa ń pọ́n lẹ́yìn abẹ́rẹ́, bí ìgbà tí wọ́n gbá ènìyàn létí. Ìgbà kejì, ìgbà kẹta tí pẹ́ẹ̀nì bá kọjá ni ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ máa ń yọ.

Ti Alhájà yọ ní ìgbà àkọ́kọ́.

Ó yọ, ó pọ̀, ó sì ń ṣàn lọ sí etí. Zuwera tó ń ṣe ti àbúrò rẹ̀ lórí àga kejì yọjú, ó sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, “Haba, Bilqees. Jini ya yi yawa.” Ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ jù. Bilqees náà rí i. Ìgbà yẹn ló yẹ kó dúró, kó pe Mádáàmù tó wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pe Mádáàmù ní láti sọ ìdí rẹ̀.

Ó dín jíjìn abẹ́rẹ́ náà kù. Ó fi òwú nu ẹ̀jẹ̀. Ó ń bá iṣẹ́ lọ.


9.

Máàkì: 84 nínú 100. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ó rora.


10.

WASÁÀPÙ

Ọjọ́ kìíní
ALHÁJÀ: Ojú mi pọ́n bíi tàtàsé. Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyẹn?
BILQEES: Bẹ́ẹ̀ ni Màmá. Ó máa lọ. Ẹ má wọnú oòrùn o. Ìpara tí a fún yín nìkan ni kẹ́ ẹ máa pa.

Ọjọ́ kejì
ALHÁJÀ: Ó ń ta mí. Mo ti fi kíríìmù tèmi náà kún un láàárọ̀, torí mo mọ èyí tí ara mi ń gbọ́.

(Bilqees ń kọ …)
Màmá, kíríìmù wo
(ó pa á rẹ́)
Màmá ẹ jọ̀ọ́ ẹ má
(ó pa á rẹ́)
Kíríìmù yẹn ni
(ó pa á rẹ́)

BILQEES: Ẹ pẹ̀lẹ́ Màmá. Ọlọ́run á fi àlàáfíà sí i.

Ọjọ́ kẹta
ALHÁJÀ: [àwòrán]
ALHÁJÀ: Kí ni omi yìí?

Ọjọ́ kẹrin
ALHÁJÀ: Ojú ọ̀tún ò là tán mọ́. Otútù ń mú mi. Má dààmú o.


11.

OHUN TÍ BILQEES KỌ SẸ́YÌN ÌWÉ IṢẸ́ RẸ̀

Mò ń bẹ̀rù pé ojú ọ̀tún yẹn á fọ́.

Mò ń bẹ̀rù pé Mádáàmù á gba ìwé ẹ̀rí mi.

Pé àwọn obìnrin àsàlátù á mọ̀.

Pé wọn ò ní mọ̀, kó wá jẹ́ èmi nìkan.

Pé ó tún ń pa á láàárọ̀ yìí, ó ń pa á sínú gbogbo ihò tí mo lù, mi ò sì lè sọ pé kó má pa á mọ́, torí mi ò mọ nǹkan kan nípa kíríìmù kankan, mi ò rí kíríìmù, kò sí kíríìmù.

Màmá á kú. (Ó fa ìlà sí i. Ó tún un kọ.)


12.

Ọjọ́ karùn-ún, nínú ọ́fíìsì Mádáàmù. Àwòrán tí Alhájà fi ránṣẹ́ wà lójú fóònù Bilqees láàárín wọn.

MOYINỌLÁ: Ìkẹfà. Ṣé o béèrè?
BILQEES: Mo kọ ọ́ síbẹ̀, mà.
MOYINỌLÁ: Mi ò bi ọ́ bóyá o kọ ọ́, Bilqees.
BILQEES: Ẹ̀rù bà mí, mà.
MOYINỌLÁ: Ta ni ẹ̀rù ìyá rẹ̀ kì í bà? Èmi náà gún ìyá mi. Ọwọ́ mi gbọ̀n, mo sì béèrè. Gbé e lọ sí ilé ìwòsàn báyìí. Mú fọ́ọ̀mù yìí dání. Dókítà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ó ń bóra. Tí kò bá mọ̀, ó lè fún un ní ìpara tó ń mú wíwú lọ, irú oògùn kan náà tó ti jẹ awọ rẹ̀ nìyẹn. Kòkòrò tó wà nínú ojú yẹn á wá rí àyè ṣe bó ṣe fẹ́. Ṣé o gbọ́?
BILQEES: Mo gbọ́, mà.
MOYINỌLÁ: Ẹnu rẹ ni kó ti jáde. Tàbí ẹnu ìyá rẹ. Mi ò ní bá ọ sọ ọ́.


13.

Láti Ungwan Rimi dé Kudenda, nínú kẹ̀kẹ́, Bilqees ń sọ ìbéèrè kan ṣoṣo lábẹ́ hìjáàbù rẹ̀, ó ń sọ ọ́, ó ń sọ ọ́.


14.

Obìnrin àsàlátù méjì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n wá kí Alhájà. Alhájà da ìborùn bojú, ó ní oyin ló ta òun. Wọ́n ní oyin inú ọyẹ́ burú. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n lọ.

Alhájà ká ìborùn kúrò.

N kò ní sọ gbogbo ohun tí Bilqees rí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì ti wú, èépá pupa rúsúrúsú ti dì lé e, ọyún ń yọ lábẹ́ rẹ̀. Ìpéǹpéjú ọ̀tún ti bo ojú. Bilqees fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, ó gbóná janjan. Ọmọ náà bú sẹ́kún.

Alhájà ló wá ń tu ẹni tó wá wò ó nínú. Ó ní kó má sunkún. Ó ní kò sí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe, kádàrá ni. Ó ní òun kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé Bilqees ló ṣe é, torí ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ó dáa. Bilqees mẹ́nu. Ó métè. Ẹ wá wo ẹ̀rẹ̀kẹ́.


15.

Ó mú ìbéèrè náà dé ẹnu lẹ́ẹ̀mẹta nínú ilé. Lẹ́ẹ̀mẹta ló sọ pé, “Màmá, ẹ jẹ́ ká máa lọ.”


16.

Ilé ìwòsàn. Dókítà Japhet, ọmọ gúúsù Kaduna, kò gbọ́ Yorùbá. Hausa ni wọ́n fi sọ ọ́. Èmi ni mo tú u sí Yorùbá.

DÓKÍTÀ: Hájíyà, ọjọ́ mélòó nìyí?
ALHÁJÀ: Márùn-ún.
DÓKÍTÀ: Wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un?
ALHÁJÀ: Bẹ́ẹ̀ ni.
DÓKÍTÀ: Ta ló gún un?
ALHÁJÀ: Ẹnì kan ni.
BILQEES: Èmi ni.
DÓKÍTÀ: Kíríìmù tó ń bó ara ńkọ́? Ṣé ẹ ń lò ó?

(Fáànù ń yí.)

ALHÁJÀ: Kí ni wọ́n kọ sínú fọ́ọ̀mù tí ọmọ mi mú wá yẹn?
DÓKÍTÀ: Rárá ni wọ́n kọ.

Alhájà yí orí. Ojú òsì rẹ̀ tó ṣì ń ríran bà lé Bilqees, ó sì pẹ́ lára rẹ̀. Ìgbà náà ni obìnrin yìí mọ̀ pé ẹnì kan ti bá òun dáhùn ohun tí wọn kò bi òun. Ó mọ ìdí tó fi ṣe é pẹ̀lú. Ó mọ̀ pé ọmọ òun mọ̀, pé ó ti ń mọ̀ ọ́n láti kékeré.

ALHÁJÀ: Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ náà ni.

Dókítà fa ìwé oògùn mọ́ra. Ó ní ìpara kan wà tí òun máa kọ tí yóò tètè mú wíwú náà wálẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́.


17.

Bilqees kúnlẹ̀ sórí símẹ́ńtì ọ́fíìsì náà. Yorùbá ló sọ.

“Màmá, ẹ dákun. Ìbéèrè kan kù tí mi ò bi yín lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni mo kọ rárá yẹn, kì í ṣe ẹ̀yin. Ṣé ẹ ń bóra, Màmá? Ṣé ẹ pa á láàárọ̀ yìí?”

Ó ti jáde. Bilqees kò lè gbé ojú sókè, ọwọ́ làálì tó wà lórí itan Alhájà nìkan ló ń wò, làálì náà ti ń ṣí, oríkèé ti ń hàn lábẹ́ rẹ̀.

Dókítà gbé bírò kúrò lórí ìwé. Ó wo ọmọ tó kúnlẹ̀, ó wo ìyá tó jókòó.

DÓKÍTÀ: Hájíyà, kí ló sọ?

ALHÁJÀ: