Ìṣẹ́po Mẹ́rin

Aránṣọ ti tú ẹ̀gbẹ́ ẹ̀wù sójà náà dé abẹ́ apá kí abẹ tó dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú rírán ibẹ̀ kì í ṣe ti ẹ̀rọ. Ọwọ́ ni ẹnì kan fi rán an, wẹ́wẹ́, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìkeje, òwú náà padà sẹ́yìn, ó tún gba ihò tó ti gbà tẹ́lẹ̀, kó tó máa bá tirẹ̀ lọ.

Aránṣọ gbé ẹ̀wù náà sún mọ́ fèrèsé. Ó kà á láti ọ̀kan dé eéje. Òwú padà. Ó tún kà á níbòmíràn. Ó padà bákan náà.

Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti lò nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹnì kan ṣoṣo ló sì mọ̀ tó ń rán aṣọ báyìí. Òun fúnra rẹ̀ ni.

Ọ̀gá kọ́ ló kọ́ ọ. Ọ̀gá rẹ̀ tiẹ̀ máa ń fi rúlà gbá a lọ́wọ́, á ní ó ń fi òwú ṣòfò. Ara aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ ló ti kọ́ ọ lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, nígbà tó jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn, tó tú apá rẹ̀ kan láti wo bí ìyá òun ṣe rán an, tó sì sáré rán an padà kí ìyá náà tó dé.

Báwo wá ni ojú rírán ìyá ṣe dé inú ẹ̀wù bàbá òun? Bárékè àwọn sójà ni ẹ̀wù yìí ń gbé. Kì í sùn sílé.

Ọ̀la ni wọ́n máa sin bàbá náà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe sójà, oṣù mẹ́sàn-án péré ni àìsàn fi sọ ọ́ di egungun lásán, débi pé ẹ̀wù tó bá a mu dẹ́dẹ́ tẹ́lẹ̀ lè gba irú rẹ̀ méjì. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́, Sájẹ́ǹtì, ní òun á wá gbé e ní aago mẹ́rin láti lọ fi wọ̀ ọ́. Aránṣọ gbọ́dọ̀ ti dín in kù kó tó dìgbà náà.

Iṣẹ́ kejì tún wà nílẹ̀. Òun ni àkọ́bí, òun ló máa sọ̀rọ̀ nípa bàbá lọ́la. Láti àná ni tákàdá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló sì wà nínú rẹ̀: Bàbá rere ni. Ó wò ó, ó dà bí ohun tí èèyàn ń kọ nípa bàbá ẹlòmíràn. Kí lèèyàn fẹ́ sọ nípa ẹni tó ń wálé fún ọjọ́ méjìlá lọ́dún? Ó ka ọjọ́ náà nígbà èwe rẹ̀. Méjìlá ni. Bàbá á dé, á sùn, á tún òrùlé tó ń jò ṣe, á lọ. Kò rántí ohun kan tí ọkùnrin náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe fún òun.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin yọ orí wọlé. Akọ̀wé ni, láti kékeré ni wọ́n sì ti ń pè é ní Alálàyé, torí kò sí ohun tí kò ní àlàyé rẹ̀ lẹ́nu.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti kọ ọ́ tán? Ẹ má gbàgbé Abẹ́rẹ́ o."

Abẹ́rẹ́ ni àwọn sójà ẹgbẹ́ bàbá wọn máa ń pe bàbá náà.

"Kí ni kí n kọ nípa rẹ̀?"

"Pé tí wọ́n bá ri abẹ́rẹ́ mọ́ orí òkè ọ̀hún, bàbá á yìnbọn gba ojú rẹ̀ kọjá. Pé wọn kì í tàsé."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ta ni ì bá tún sọ fún mi? Sójà ni wọ́n, Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè wọ́n. Kí ló tún kù?"

Aránṣọ wo ẹ̀wù ọwọ́ rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju eéje lọ. Ó dìde.

Ìyá wọn wà ní yàrá bàbá, ó ń ká aṣọ ìbùsùn tí kò sẹ́ni tó máa sùn lé e mọ́. Aránṣọ na ẹ̀wù sí i.

"Ìyá mi, ta ló rán ibí yìí?"

Ìyá kò wò ó. Àtàǹpàkò ló fi tọ ojú rírán náà. "Ẹni tó ni ín."

"Aṣọ ilé-ìwé mi ńkọ́?"

"Ìwọ tó ò ń ránṣọ jẹun," ni ìyá wí, "ṣé o rí abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi rí?"

Aránṣọ ronú. Láti ọmọ ọdún mẹ́wàá, òun ni wọ́n ń pè tí bọ́tìnnì ìyá bá já.

"Ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹ rán an."

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. O ní ẹ ṣeun, mo ní kò tọ́pẹ́. Ṣé irọ́ nìyẹn?"

Ìyá jókòó sẹ́bàá ibùsùn. Ó ní ọ̀sẹ̀ tí bàbá dé bárékè ni wọ́n bi àwọn sójà tuntun pé ta ló mọ aṣọ rán. Bàbá nawọ́ sókè. Yàrá ìránṣọ ló wà láti ọjọ́ náà títí ó fi fẹ̀yìn tì, tó ń lẹ ẹ̀wù, tó ń rán àgọ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́. Nílé, ìdájí ló ń rán tàwọn ọmọ, kí wọ́n tó jí.

"Kí ló dé tí wọn ò sọ fún wa?"

"Àbúrò rẹ ti lu ọmọ méjì nílé-ìwé lórí ọ̀rọ̀ ìbọn yẹn. Bàbá yín ní kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní bí ọmọ bá ti ja ìjà tán, èèyàn kì í gba ìdí ìjà náà lọ́wọ́ rẹ̀."

Ìyá ṣí àpótí irin tó wà lábẹ́ ibùsùn, ó fa aṣọ kékeré kan yọ. Aránṣọ mọ̀ ọ́n kó tó rí i tán. Aṣọ kan ṣoṣo tó wọ̀ fún ọdún márùn-ún. Ìṣẹ́tí rẹ̀ ki débi pé àwọn ọmọ kíláàsì ń kọrin tẹ̀lé e pé aṣọ rẹ̀ lóyún, oyún náà wà lórúnkún. Kò sí ọmọ tó kọrin náà tí Aránṣọ gbàgbé orúkọ rẹ̀.

Ó tẹ́ ẹ sórí ibùsùn. Ibi tí ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan wà tẹ́lẹ̀ kò tíì ṣá bí ìyókù. Mẹ́rin ni wọ́n. Òwú kan péré ni ìyá máa ń fà yọ lọ́dọọdún, ìṣẹ́po kan á sì tú. Aránṣọ yọ téèpù ọrùn rẹ̀, ó wọ̀n wọ́n. Íǹṣì kan ààbọ̀. Méjì. Mẹ́ta. Kan péré.

Wọn kò dọ́gba. Ọdún kẹta ló ga jù. Ó rántí ọdún náà dáadáa: bàtà rẹ̀ fún un títí èékánná kan fi bọ́, ṣùgbọ́n aṣọ kò fìgbà kan gòkè orúnkún.

"Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀?"

"Bàbá yín ní bí ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ṣe ga nígbà èwe nìyẹn, pé o jọ ọ́. Á fi ìka wọ̀n ọ́ lójú oorun, á máa ṣírò. Kò mọ ibi tí wọ́n máa rán òun lọ láwọn ọdún yẹn, ló bá kó gbogbo rẹ̀ sínú ìṣẹ́tí."

Aránṣọ padà sídìí iṣẹ́. Ibi tí abẹ́rẹ́ bá là ni òwú ń gbà. Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti ń tọ̀ ọ́, ó rò pé ọ̀nà ìyá òun ni.

Ní aago mẹ́ta ààbọ̀, Alálàyé tún dé.

"Abẹ́rẹ́ ńkọ́, ẹ̀gbọ́n mi? Ṣé ẹ ti fi sí i?"

"Mo ti fi sí i."

"Pé wọn kì í tàsé?"

Aránṣọ wo aṣọ kékeré tó fi kọ́ ìṣó ara ògiri.

"Pé wọn kì í tàsé."

Inú Alálàyé dùn. Ó lọ dúró de Sájẹ́ǹtì lẹ́nu ọ̀nà.

Aránṣọ ti fún ẹ̀wù náà pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Aṣọ tó ṣẹ́ kù nínú tó íǹṣì mẹ́ta. Ó mú sísọ́ọ̀sì. Òkú kì í sanra, kì í sì í ga sí i. Aránṣọ tó bá mọṣẹ́ á gé e dànù.

Ó gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó ká a sínú, ó mú abẹ́rẹ́, ó sì ń kà á bó ṣe ń rán an. Nígbà tó dé ìkeje, òwú padà.