Oṣù Tí Èmi Kò Rí

Títí di àná, kí n tó la ojú láàárọ̀, mo máa ń kọ́kọ́ bi ara mi ní ìbéèrè mẹ́ta. Níbo ni mo wà? Oṣù wo la wà? Ta ló kù láyé? Ìgbà tí mo bá dáhùn tán ni mo tó ń gbé ìdí ńlá mi yìí kúrò lórí ẹní, tí eegun orúnkún mi á máa dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́.

Ọ̀rọ̀ àkàrà ló fà á. Lọ́dún 1994 yìí náà ni. Mo jí, oòrùn ti yọ, mo jáde sí àgbàlá, mo bá Mùínàt, ìyàwó Gàní ọmọ mi, lórí àpótí, tó ń fi àkàrà mu kókó ní gbangba. Mo já àkàrà náà gbà lẹ́nu rẹ̀.

"Mùínàt, nínú Ràmàdáánì? O ò tiẹ̀ lè lọ fara pamọ́?"

Ó ń wò mí. "Ìyá, a ti ṣe ìtúnu. Ó di ọjọ́ kẹta lónìí."

"Ta ló rí oṣù?"

"Gbogbo ìlú ni, Ìyá. Ẹ̀yin gan-an lẹ jẹ itan adìẹ méjì."

Aṣọ tí mo wọ̀ lọ sí yídì ṣì wà lórí okùn, pẹ̀lú àbàwọ́n ọbẹ̀ láyà. Mo bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin lẹ rí i. Oṣù tèmi ò tíì lé."

Mùínàt rẹ́rìn-ín títí kókó fi gba imú rẹ̀ jáde. Láti ìgbà náà, bí mo bá ń kọjá, àwọn ará ilé á ní, "Ìyá, ṣé ó ti lé?" Èmi á ní kò tíì lé, kí wọ́n panu mọ́, kí ààwẹ̀ wọn má bàa bàjẹ́.

Gàní nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wá jókòó tì mí ní ìrọ̀lẹ́. "Ìyá, bó bá tún ṣẹlẹ̀, mi ò ní jẹ́ kí ẹ dáná mọ́. Ìsọ̀ yín ní Ọjà Tuntun náà, a ó kó ọjà ibẹ̀ wálé."

Mo ní ta ló ń bá sọ̀rọ̀, èmi tí mo nu ìdí rẹ̀? Ó ní òun mọ̀. Jẹ́jẹ́ tó fi sọ ọ́ ló bà mí lẹ́rù.

Ẹ wò ó, nínú oorun kò sí ọdún. Gbogbo ọjọ́ ayé mi sùn sórí ẹní kan náà bí ọmọdé, ẹsẹ̀ ọ̀kan lórí ikùn èkejì. Ọmú mi ṣì dúró níbẹ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín. Bàbá Gàní, ọkọ mi tó ti kú, ṣì ń wúkọ́ ní yàrá rẹ̀. Jíjí ni pé kí n fa ara mi yọ láàárín wọn, àmọ́ láàárọ̀ mìíràn, mi ò mọ ẹsẹ̀ tó jẹ́ tèmi.

Lánàá, mo dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ilé Gàní, n'Ílọrin. Ṣáwàálù, oṣù tó tẹ̀lé ààwẹ̀. Bàbá Gàní ti kú, ọdún kẹjọ rèé. Mo gba gbogbo máàkì. Mo ń kọrin bí mo ṣe ń gbé omi kaná. Mo bu omi gbígbóná sínú bútà, mo gbé e síbi tí mo máa ń gbé e sí, mo wá jókòó.

Mùínàt jáde, ó dúró. Mo wo ibi tó ń wò. Bútà náà wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá Bàbá Gàní, níbi tí wọ́n ń kó àpò sìmẹ́ńtì sí báyìí. Omi àlùwàlá rẹ̀ ni mo gbé kalẹ̀ fún un. Ooru ń jáde lẹ́nu bútà.

"Oṣù tèmi ti lé o," mo ní, kí ó lè rẹ́rìn-ín.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó da omi náà sídìí ìbẹ́pẹ, ó wọlé, mo gbọ́ tó ń pe Gàní, jẹ́jẹ́. Gàní jáde. Ó kàn na ọwọ́. Mo tú etí ìró mi, mo kó ìṣáná fún un.

Láàárọ̀ yìí, mi ò bi ara mi ní nǹkan kan. Mo di ojú, mo dùbúlẹ̀, mo ń gbọ́ ikọ́ Bàbá Gàní.