Rákẹ́ẹ̀tì Tó Sán Nínú

Ẹ̀gbọ́n mọ̀ pé rákẹ́ẹ̀tì náà ti sán nínú, ó sì gbé e lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ pé ó dáa.

Ọmọ ìyá ni wọ́n, ṣọ́ọ̀bù kan náà ni wọ́n ti ń so okùn rákẹ́ẹ̀tì tẹ́níìsì. Ẹ̀gbọ́n ló kọ́ àbúrò níṣẹ́, nígbà tí férémù ṣì jẹ́ igi àti irin. Ṣùgbọ́n àbúrò lọ ṣiṣẹ́ ọdún méjì níbi tí wọ́n ti ń ṣe rákẹ́ẹ̀tì kábọ́ọ̀nù. Nígbà tó dé, ó di Ìyá Kábọ́ọ̀nù.

"Ìyá Kábọ́ọ̀nù dà?" ni àwọn oníbàárà ń bi ẹ̀gbọ́n lẹ́nu ọ̀nà, bí ẹni ń bi ọmọ ọ̀dọ̀ léèrè ọ̀gá rẹ̀.

Lọ́jọ́ yẹn, tíṣà tẹ́níìsì kan gbé tiẹ̀ wá. "Gíráfáìtì ni tèmi o, kì í ṣe kábọ́ọ̀nù."

Àbúrò rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, orúkọ lẹ rà, ohun kan náà ni. Okùn dúdú tó tín-ín-rín ju irun lọ náà ni, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀, tí wọ́n yan. Irin á tẹ̀, igi á là lójú yín. Èyí, inú ló ti ń kú. Òde rẹ̀ á ṣì máa dán."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò sọ irú èyí fún wa rí," ni tíṣà wí.

"Ẹ ò bi mí rí." Ara ń ta ẹ̀gbọ́n bí ẹni jókòó lé èèrà.

Ẹni tó bá gba rákẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ oníbàárà ló ń fi ìka kàn án wò. Èyí tó pé á dún ketekete, èyí tó sán á dún bọ̀ọ̀. Tó bá ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà sí i pé ó dáa, ẹnì kejì kì í tún un kàn mọ́. Ìwọ̀sí ni. Àbúrò ló kọ́ ẹ̀gbọ́n ní kíkàn yìí, ìyẹn ló sì dùn ún jù.

Ẹ̀gbọ́n gba ti tíṣà, ó kàn án. Bọ̀ọ̀.

Kó fọ́ mọ́ àbúrò lọ́wọ́ lójú oníbàárà, ká wo orúkọ tí wọ́n á tún pè é. Ó fa ilà.

"Ṣó dáa, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ó dáa."

Okùn kejìlá ni àbúrò ń fi ẹ̀rọ fà nígbà tí férémù bẹ́ gbàù. Kò tẹ̀, kò kìlọ̀. Ẹ̀rún dúdú kan wọ àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ dé eegun.

Ẹ̀gbọ́n fi aṣọ dì í, ó sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. "Ẹ má dára yín lẹ́bi," ni àbúrò ń wí lọ́nà. "Kábọ́ọ̀nù máa ń tanni jẹ." Ẹ̀gbọ́n tún aṣọ náà dì.

Iṣan ti já. Ọgbẹ́ jinná, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò náà ò ká mọ́, kò lè di okùn mú. Ìyá Kábọ́ọ̀nù kò so rákẹ́ẹ̀tì mọ́.