Àǹtí Tó Ń Kọ́ Káfíńtà ní Ìwé

Ìyá Oníbéèrè ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí pé ìbéèrè ni iṣẹ́ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ìwádìí lórí tẹlifíṣọ̀n ló gbà á síṣẹ́. Wọ́n á mú ojúlé kan níhìn-ín, ojúlé kan lọ́hùn-ún, bí ẹni ń ṣẹ́ gègé. Òun àtàwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ á lọ kan ilẹ̀kùn, wọ́n á béèrè ohun tí wọ́n ń wò nínú ilé náà, ẹni tó ń wò ó, àti bóyá wọ́n ń jókòó tì í ni tàbí wọ́n kàn ń tàn án sílẹ̀ kó máa pariwo. Ó mọ iṣẹ́ náà dunjú. Bí èèyàn bá ń parọ́ pé ìròyìn nìkan lòun ń wò, ojú lásán ló fi ń mọ̀ ọ́n.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, ètò ẹ̀kọ́ kan ni wọ́n ní kí wọ́n wádìí. Obìnrin kan ló ń ṣe é lọ́sàn-án, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ìwé kíkà. Á kọ ọ̀rọ̀ sójú pátákó, á fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tọ́ka sí i, á wá fi ohùn tó fúyẹ́ bí òwú sọ pé, "Ẹ tún un kà." Bó ṣe di Àǹtí Ẹ-Tún-un-Kà lẹ́nu aráyé nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ń rò ó láti fi ètò orin rọ́pò rẹ̀. Wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá àwọn ọmọ ń wò ó.

Ìyá Oníbéèrè kò ní ohunkóhun nínú sí obìnrin náà nígbà yẹn. Iṣẹ́ ni iṣẹ́.

Àfi bí gègé ṣe mú ilé tirẹ̀. Òfin ibi iṣẹ́ wọn ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ béèrè ọ̀rọ̀ nínú ilé ara rẹ̀, wọ́n bá rán ọmọbìnrin kan tó wà lábẹ́ rẹ̀ síbẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Pẹ̀lẹ́ nítorí ìrìn jẹ́jẹ́ rẹ̀. Ìyá Oníbéèrè gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó fà á lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ ní pálọ̀, ó sì wọ ilé ìdáná lọ ṣa ẹ̀wà. Kò retí kí wọ́n pẹ́. Àwọn ọmọ wọn ti dàgbà, wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́nà jíjìn. Ọkọ rẹ̀ ń kọ́? Káfíńtà ni, ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ ju ẹnu rẹ̀ lọ. Ó mọ nọ́ńbà orí tépù rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè ka ìlà kan.

Ó gbọ́ tí Pẹ̀lẹ́ bi í pé, "Ta ló ń wo ètò ẹ̀kọ́ ọ̀sán nínú ilé yìí, sà?"

Ọkọ rẹ̀ wúkọ́ díẹ̀. "Èmi ni."

"Ẹ̀yin fúnra yín, sà?"

"Èmi ni. Mi ò kì í pa á jẹ. Bọ́sàn-án bá ti pọ́n, màá ní mo fẹ́ lọ jẹun nílé."

"Kí lẹ fẹ́ràn jù nínú ẹ̀?"

"Àǹtí yẹn ni. Onísùúrù èèyàn ni. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, bíi kòkòrò ni ìwé máa ń rí lójú mi. Ní báyìí, tí mo bá ń lọ ládùúgbò, mò ń ka ara ògiri. Àná ni mo ka 'Ẹ má tọ̀ síbí.' Inú mi dùn débi pé mo rẹ́rìn-ín, àwọn èèyàn ń wò mí."

Pẹ̀lẹ́ rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó tú jáde látinú ikùn. Nínú ilé ìdáná, àwo ẹ̀wà bọ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀.

Ohun tó dùn ún ni pé lọ́dún kejì tí wọ́n fẹ́ra, òun ló kọ́kọ́ fẹ́ kọ́ ọ. Ó ra ìwé, ó ra bíró, ó jókòó tì í. Oṣù kan kò pé tí ọkùnrin náà fi ti ìwé sẹ́yìn, tó ní orí òun ò gbàwé. Ó gbà bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà wá, òun ló ń ka gbogbo ìwé tó bá wọlé fún un. Ó ti rò pé àyè yẹn, tòun nìkan ni.

Pẹ̀lẹ́ kò tíì kọjá ìta tí Ìyá Oníbéèrè fi jáde sí pálọ̀.

"Bàbá wọn, ta ló ní kẹ́ ẹ máa lọ kọ́wèé lọ́dọ̀ obìnrin mìíràn?"

"Obìnrin wo? Inú àpótí tẹlifíṣọ̀n ló wà."

"Ì báà wà nínú ìgò, obìnrin ni. Nígbà tí èmi fẹ́ kọ́ yín, ṣebí ẹ ní orí yín ò gbà á."

"Ìyá wọn, tí mo bá ti ṣì í kà lọ́dọ̀ ẹ, ńṣe lo máa ń mí kanlẹ̀. O ò mọ̀ pé ò ń ṣe é. Èémí yẹn máa ń ta mí ju ẹgba lọ. Àǹtí ní tiẹ̀ ò rí mi. Ì báà jẹ́ ìgbà ogún ni mo ṣì í, ohùn kan náà ló máa fi ní kí n tún un kà."

"Kò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹ wà láyé."

"Ohun tó dáa nínú ẹ̀ gan-an nìyẹn."

Ìyá Oníbéèrè padà lọ ṣa ẹ̀wà tó dà sílẹ̀. Ká ní obìnrin gidi ni, ì bá lọ bá a nílé, kí wọ́n jọ na ìka sí ara wọn. Ta ló máa ń bá àpótí jà? Lọ́jọ́ kejì, ó gbìyànjú láti fi irú ohùn yẹn pe ọkọ rẹ̀ wá jẹun, ohùn jẹ́jẹ́, bí òwú. Ọkùnrin náà gbójú sókè, ó ní, "Ṣé ọ̀fun ń dùn ẹ́ ni?"

Ìwádìí ń lọ, owú sì ń jẹ ẹ́ bí kòkòrò tí ń jẹ obì. Ibi gbogbo tó dé ni obìnrin inú àpótí yìí ti ṣáájú rẹ̀ wọlé. Àwọn ọmọdé ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n, torí pé ilé-ìwé ni wọ́n wà lásìkò náà. Àwọn àgbà ni. Ìyá àgbà kan ní, "Mo kàn ń bá ọmọ-ọmọ mi wò ó ni," bẹ́ẹ̀ kò sí ọmọdé kankan tó ń gbé ilé náà. Awakọ̀ kan ní òun kì í wò ó rárá, ó sì ń ṣàtúnṣe nígbà tí Ìyá Oníbéèrè mọ̀ọ́mọ̀ ṣi orúkọ ẹ̀kọ́ tó kọjá pè. Ojú ń tì wọ́n, ló fi jẹ́ pé wọ́n ń fi pamọ́. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí bíi tirẹ̀ kò lè ṣàìrí i.

Ó rí i, ó panu mọ́. Àwọn ọmọdé ni wọ́n rán an pé kó kà. Àwọn ọmọdé náà ló kà. Nígbà tó kọ àbọ̀ ìwádìí, ó kọ ọ́ pé àwọn ọmọ tó ń wo ètò náà kò pọ̀. Òótọ́ pọ́ńbélé ni, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ bíi ti ẹni tó ti fi ọ̀bẹ pamọ́ sẹ́yìn.

Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ìpàdé tí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n fẹ́ fi gbọ́ àbọ̀ náà, ó yà sílé, kò sì wọlé. Ó gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ọkọ rẹ̀ jókòó sétí àga, ìyẹ̀fun igi ṣì wà lórí rẹ̀, ìka rẹ̀ ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n. Ó ṣì í. Ó tún un kà. Ó gbà á, ojú rẹ̀ sì là. Ìyá Oníbéèrè ti bá a gbé ilé láti ìgbà èwe, kò rí ojú yẹn rí. Owú tó jẹ ẹ́ lójú fèrèsé yẹn le ju gbogbo ti àtẹ̀yìnwá lọ, torí pé ó mọ̀ pé òun kọ́ ló mú kó là. Ó tún mọ bí ojú náà ṣe máa rí bí orin bá gba ipò Àǹtí.

Níbi ìpàdé, Àǹtí Ẹ-Tún-un-Kà fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìyá Oníbéèrè ti ń gbàdúrà kó burẹ́wà. Kò burẹ́wà. Ó dára ju bó ṣe ń rí nínú àpótí lọ, aṣọ rẹ̀ sì bá a mu dé ọrùn ẹsẹ̀. Ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ka àbọ̀ náà tán, ó ní ó jọ pé ọ̀rọ̀ ti yanjú.

Àǹtí náà sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ni? Kámẹ́rà nìkan ni mò ń rí. Mo máa ń dúró díẹ̀ lẹ́yìn tí mo bá ní kí wọ́n tún un kà, bíi pé ẹnì kan ń dáhùn."

Ìyá Oníbéèrè wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Wọ́n ń dáhùn," ló sọ níkẹyìn. "Ọ̀gá, àwọn ọmọdé lẹ ní ká kà. Àwọn àgbàlagbà ló ń wò ó, àwọn tí kò kàwé. Wọ́n pọ̀. Ojú ló ń tì wọ́n."

"Kí ló dé tí kò sí nínú àbọ̀ yín?" ni ọ̀gá bi í.

"Ẹ ò béèrè, sà. Èmi náà ò sì fẹ́ sọ ọ́."

Àǹtí náà yíjú sí i. "Báwo lẹ ṣe mọ̀ wọ́n?"

"Ọ̀kan lára wọn wà nílé mi."

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ dùn, ó ní kó bá òun kí i. Ìyá Oníbéèrè ní òun ti gbọ́. Kò jẹ́ iṣẹ́ náà fún ọkọ rẹ̀ títí dòní.

Wọ́n tún ìwádìí náà ṣe, wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbà bó ṣe yẹ. Ètò náà kò kú. Wọ́n sún un sí ìrọ̀lẹ́, kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lè ráyè wò ó, wọ́n sì sọ ọ́ gbangba pé ti àgbà ni. Ire ni fún gbogbo ayé, àfi fún ẹnì kan, torí pé ìrọ̀lẹ́ ni òun náà ń wà nílé.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó dúró sí ilé ìdáná, ó ń gbá ìkòkò mọ́ ìkòkò. Nígbà tó yá, ọkọ rẹ̀ pè é.

"Ìyá wọn, Àǹtí sáré lórí ọ̀rọ̀ yìí jù. Wá bá mi wò ó."

Ó nu ọwọ́, ó jáde. Àyè pọ̀ lórí àga gígùn, ṣùgbọ́n àpótí ìjókòó kékeré ló fà síwájú, ó jókòó síbi tí orí rẹ̀ ti bo Àǹtí látorí dé ẹsẹ̀, tí pátákó nìkan sì hàn.

"Sún díẹ̀," ni ọkọ rẹ̀ wí.

"Ṣé ẹ ò rí ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ni?"

"Mo rí i."

"Ẹ kà á nígbà náà."