Àdéhùn Denzil àti Marjorie

Láyé ìgbà náà, agogo ìdìbò Ilé Aṣòfin kì í dún lásán, híhan ló máa ń han, gooro, dé inú ilé ọtí òdìkejì títì. Lọ́dún tí Denzil Tregaskis kọ́kọ́ wọlé ìbò gẹ́gẹ́ bí aṣòfin láti Cornwall, bí agogo yẹn bá ti han báyìí, àwọn aṣòfin, tẹgbẹ́ wa tẹgbẹ́ yín, á dìde nídìí bíà, wọ́n á sáré nínú òjò lábẹ́ agbòjò kan ṣoṣo, wọ́n á máa bú ara wọn, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín.

Nísinsìnyí, fóònù ló ń gbọ̀n lápò rẹ̀. Ó ti gbọ̀n nígbà mọ́kànlá kó tó mu ife tíì kan tán ní yàrá tíì Ilé náà.

"Bàbá Denzil!" Fergus ni lórí fóònù, ẹni tí ẹgbẹ́ ìjọba yàn láti máa da àwọn aṣòfin wọn lọ síbi ìbò bí ẹni ń da àgùntàn. "Aago mẹ́rin la ó dìbò. Ẹ̀ ń bọ̀, àbí ẹ̀ ń bọ̀?"

"Mi ò lè dìbò. Mo ti bá Marjorie Oldroyd ṣe àdéhùn."

Àṣà Ilé náà ni: bí aṣòfin ẹgbẹ́ alátakò kan kò bá lè wá, ọ̀kan nínú ti ìjọba á gbà láti má dìbò, kí òṣùwọ̀n má baà yẹ̀. Kò síwèé, kò sí ẹlẹ́rìí. Ẹnu lásán ni. Ẹgbẹ́ alátakò ni Marjorie; lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an, àwọn dókítà ń la àyà ọkọ rẹ̀ nílé ìwòsàn ní Leeds.

"Ẹ da àdéhùn ọ̀hún nù. Dọ́gbadọ́gba làwa àtiwọn lónìí. Bí òfin yìí bá ṣubú, olórí wa náà ṣubú nìyẹn."

"Olórí wo? Mẹ́ta ni mo ti pàtẹ́wọ́ fún láàárín ọdún mẹ́rin."

"Ẹ má fi mí ṣẹlẹ́yà, sà."

"Ta ló ń fi ta ṣẹlẹ́yà? Lọ́jọ́ Ajé, ẹ ní kí n lọ sórí rédíò, kí n ní òfin náà dára. Mo lọ. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ yí i padà. Lọ́jọ́rú, ẹ ní kí n lọ sọ pé ẹ ò yí nǹkan kan padà! Apẹja kan ní Newlyn, lágbègbè ìbò mi, bi mí bóyá orí mi pé."

Fergus rẹ ohùn sílẹ̀. "Bẹ́ ẹ ò bá wá, ẹgbẹ́ á yọ yín. Orúkọ ẹlòmíràn la ó gbé kalẹ̀ níbò tó ń bọ̀." Ó bá pa fóònù.

Ọ̀rọ̀ náà wọ Denzil lára. Ogójì ọdún ló fi ń ti ìwé ẹgbẹ́ yìí bọ abẹ́ ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn, tí ajá ń bù ú jẹ níka. Èyí tó tún wá bí i nínú jù ni pé òfin ọ̀hún kò burú lójú òun náà. Ká ní Marjorie wà níjòókòó ni, tayọ̀tayọ̀ ni Denzil ì bá fi dìbò fún òfin náà.

Fóònù tún gbọ̀n, àtẹ̀jíṣẹ́ Fergus ni. *Níbo lẹ wà?*

Ó kọ èsì kan tó kún fún èébú, ó pa á rẹ́. Ó kọ òmíràn tó kún fún ẹ̀bẹ̀, ó pa ìyẹn náà rẹ́. Nígbà tí aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú méjì, ó fi èyí ránṣẹ́:

"Fergus, yàrá tíì ni mo wà, ibẹ̀ ni mo sì máa wà títí ìbò á fi parí. Ẹ yọ mí bó bá wù yín. Ṣùgbọ́n ẹ tètè sọ fún ẹni tẹ́ ẹ bá fi rọ́pò mi pé kó má ṣe bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn lórúkọ ẹgbẹ́ wa."