Àpò Ìkíni Ẹniọlá

Tinúadé lá àlá kan lọ́sàn-án Sátidé tó kọjá, lórí àga gígùn tó wà ní pálọ̀ rẹ̀, bó sì ṣe rọ́ ọ fún wa ni n ó ṣe rọ́ ọ fún yín. Ẹ má bi mí bóyá ó ṣeé gbà gbọ́. Àlá ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tó ń gbé. Ìlú kékeré kan ni, lẹ́yìn Lọ́ńdọ̀nù, ogójì ìṣẹ́jú nínú ọkọ̀ ojú irin. Láàárọ̀, gbogbo àdúgbò á tú dà sí ibùdókọ̀, olúkúlùkù á lọ dúró ní ibi tó máa ń dúró sí, wọn ò ní wo ojú ara wọn títí ọkọ̀ á fi dé. Lẹ́yìn náà àdúgbò á dákẹ́ rọ́rọ́. Bí èèyàn bá sín nínú ilé kẹta, wàá gbọ́, ṣùgbọ́n o ò gbọdọ̀ kí i pẹ̀lẹ́. Ọdún mẹ́fà ni Tinúadé àti ọkọ rẹ̀ ti wà níbẹ̀. Ní gbogbo ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, Mísísì Pénròósì, ìyá àgbà òyìnbó tó ń gbé ní òdìkejì títì, kò sọ ju "Mọ́nìn" lọ fún un, àfi ọjọ́ kan tó wá sọ fún un pé ó gbé bíìnì síta lọ́jọ́ tí wọn kì í kó ìdọ̀tí.

Ni Ẹniọlá bá dé. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, kò tíì pé ẹni ọgbọ̀n ọdún, òun nìkan ló ń gbé nínú ilé tó so mọ́ ti Tinúadé, ògiri kan ṣoṣo ló là wọ́n láàrin. Kò lò tó oṣù mẹ́ta tí gbogbo títì fi mọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n á dá ajá wọn dúró kí wọ́n lè bá a sọ̀rọ̀. Lọ́sàn-án Sátidé tí mò ń wí yìí, Tinúadé yọjú lẹ́yìn kọ́tìnnì, ó rí Mísísì Pénròósì tó gbé kéèkì tí wọ́n fi aṣọ funfun bò, tó ń sọdá bọ̀. Tinúadé rò pé ọ̀dọ̀ òun ló ń bọ̀. Ó ti ń tún gèlè rẹ̀ ṣe. Ìyá àgbà kọjá ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó lọ kan ilẹ̀kùn Ẹniọlá, ó sì dì mọ́ ọn.

"Bàbá Ìtùnú, ẹ wá wo nǹkan o!"

Ọkọ rẹ̀ ń lọ aṣọ. "Kí ló dé?"

"Wọ́n gbé kéèkì fún un. Èmi tí òjò àdúgbò yìí ti ń pa láti ọdún mẹ́fà!"

"Ṣé kéèkì lo fẹ́ jẹ ni?"

Kì í ṣe kéèkì. Ó dùbúlẹ̀ lórí àga, oorun sì gbé e lọ.

Ló bá bá ara rẹ̀ ní ibùdókọ̀, tówẹ̀lì ló ró mọ́ àyà. Ojú ò tì í. Ó lọ dúró ní àyè rẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe. Nígbà tí ọkọ̀ dé, kì í ṣe ọkọ̀ ni, àwọn ilé àdúgbò wọn gan-an ló tò tẹ̀ léra lórí irin, tí òdòdó iwájú ilé ń wọ́ nílẹ̀ tẹ̀ lé wọn. Tinúadé ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ó kéré tán, òun ò ní fẹsẹ̀ rìn délé tí òun bá ń bọ̀.

Bíìnì rẹ̀ dúdú ló ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò. Ó dé fìlà.

"Tíkẹ́ẹ̀tì dà, mà?"

"Mo ní ti oṣù."

"Tíkẹ́ẹ̀tì ìkíni ni mò ń bèèrè. Ta ló kí yín láàárọ̀ yìí?"

Kò sẹ́ni tó kí i. Bíìnì ṣí ìdérí rẹ̀, ó mí kanlẹ̀. "Ẹ lọ rí wọn ní ọ́fíìsì. Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ní gbogbo àdúgbò yìí, èmi nìkan ni mo mọ ohun tí ẹ ń jẹ."

Ẹniọlá jókòó ti fèrèsé, ó sín tíkẹ́ẹ̀tì sọ́rùn bí iyùn. Tinúadé wò ó títí ọrùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í dun òun fúnra rẹ̀.

Ọ́fíìsì náà ń léfòó lókè ibùdókọ̀. Okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí ni wọ́n fi so ó mọ́ òpó iná, kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ sí ìlú mìíràn. Tinúadé fa okùn náà wálẹ̀ bí ẹni ń fa omi nínú kànga, ó nu ẹsẹ̀, ó wọlé. Ọ̀gá kan tó wọ kóòtù, tó so táì, jókòó síbẹ̀, ó ń já ewé ọgbà jẹ.

"Orúkọ?"

"Tinúadé Ajílẹ́yẹ."

Ó ṣí ìwé ńlá kan. "Mọ́nìn. Mọ́nìn. Mọ́nìn. Bíìnì. Mọ́nìn." Ó pa á dé. "Ó tán."

"Ti Ẹniọlá ńkọ́?"

"Ti Ẹniọlá kún yàrá méjì." Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ìwo ń yọ lórí rẹ̀, tí irùngbọ̀n rẹ̀ sì ń gùn sí i.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ẹ ti ń di òbúkọ o."

"Mo mọ̀. Bó ṣe máa ń ṣe mí nìyẹn tó bá ti di aago mẹ́rin. Kí lẹ fẹ́ gan-an?"

Tinúadé ò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Ẹ gba tiẹ̀, kí ẹ kó o fún mi."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Ẹ má ṣẹ́ ẹyọ kan kù."

Òbúkọ fi pátákò tẹ òǹtẹ̀. Ó kó gbogbo ìkíni Ẹniọlá sínú àpò ìrọ̀rí kan, ó gbé e lé Tinúadé lọ́wọ́. Wọ́n lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n ń yí gbirigbiri nínú àpò bí òròmọdìẹ.

Bó ṣe gbé e kalẹ̀ sí títì ni nǹkan yí padà. Mísísì Pénròósì kọjá lára Ẹniọlá bí ẹni kọjá lára òpó. Ajá pàápàá yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹniọlá juwọ́ títí, kò sẹ́ni tó wò ó. Inú Tinúadé sì dùn. Kò fi bò fún wa o, ó ní inú òun dùn débi pé òun jó wọlé.

Ní pálọ̀, ó tú àpò. Àwọn ìkíni rọ́ jáde, kéékèèké, ohùn Mísísì Pénròósì ló wà lẹ́nu gbogbo wọn.

"Ẹniọlá, ṣé o tilẹ̀ sùn?"

"Tinúadé ni mò ń jẹ́," ni Tinúadé wí.

Wọ́n wá Ẹniọlá lábẹ́ àga, wọ́n wá a nínú fíríìjì, wọ́n ṣí ìkòkò wò. "Ẹniọlá, màmá rẹ ńkọ́? Ṣé wọ́n ti jẹun?"

"Kò sí níbí! Èmi ni kí ẹ kí!"

Èyí tó kéré jù nínú wọn gun orúnkún rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀ dáadáa. "Kí la fẹ́ bi yín, mà? A ò mọ nǹkan kan nípa yín." Ló bá bú sẹ́kún, gbogbo wọn sì dà á pọ̀: "Ṣé wọ́n ti jẹun? Ṣé wọ́n ti jẹun?"

Tinúadé jí. Ọkọ rẹ̀ ṣì ń lọ aṣọ. Ohùn Ẹniọlá ń la ògiri wọlé, ó ń fi fóònù sọ̀rọ̀: "Ṣé wọ́n ti jẹun? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sí wọn létí." Lẹ́yìn náà, ẹkún.

"Láti Ọjọ́bọ̀ ló ti ń sunkún báyìí," ni ọkọ rẹ̀ wí. "O ò gbọ́ ni?"

Ó gbọ́. Ohùn tẹlifíṣọ̀n ló yí sókè lọ́jọ́ náà. Ó dìde, ó wọ bàtà, ó jáde.

Ojú Ẹniọlá pọ́n nígbà tó ṣílẹ̀kùn. "Àǹtí! Ẹ káàsán, mà. Ṣé ariwo mi ń dà yín láàmú ni? Ẹ má bínú, mà."

"Rárá o. Màmá ẹ ńkọ́?"

Ẹniọlá ní balùwẹ̀ ni màmá òun ṣubú sí ní Iléṣà, wọ́n ti gbé wọn lọ sílé ìwòsàn, egungun itan wọn ló kán. Ó ní àwọn ará àdúgbò ti ń bi òun léèrè, ṣùgbọ́n kò tíì sẹ́ni tó fi Yorùbá bi òun. Ló bá fi fóònù sí i lọ́wọ́, màmá rẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀.

"Ta nìyẹn?" Ohùn ìyá náà tẹ́ẹ́rẹ́. "Ṣé àǹtí tí ilé wọn so mọ́ tìrẹ, tí o máa ń sọ̀rọ̀ wọn ni? Háà! Ẹ ṣeun o. Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ mi. Ọkàn mi balẹ̀ pé ẹ wà níbẹ̀. Olúwa yóò bá yín tọ́jú tiyín náà."

Tinúadé fẹ́ sọ pé òun ò tọ́jú ẹnikẹ́ni.

"Àmín, mà," ló wí. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó sì wọlé.